Ohun Tó Wà Nínú Ife: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Onímú

Yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé ìkàngbá ni wọ́n bí olóògbé sí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta ọdún 1947. Àgbá onígi tí àwọn apọntí ń lò ni bàbá rẹ̀ ń kàn, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ gbóná ju áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, olóògbé sì ni obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn.

Ìdílé mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ àgbá bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé ìtàn yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ, àwọn àgbà ní ó dùn-ún kà, àmọ́ kí wọ́n yọ iṣẹ́ ọtí tí màmá ṣe kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé màmá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan. Wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìsìn ìdágbére kò ní wáyé nínú ilé ìjọ. Ọ̀rọ̀ náà dun àkọ́bí olóògbé ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun ni akọ̀wé ìjọ, òun ló sì ti ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé gbogbo ẹni tó bá kú láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ó mọ iye ẹni tí òun ti tẹ "òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan" fún. Ó tẹ ẹ́ fún ìyá rẹ̀ náà, ó wò ó títí, ó sì pa á rẹ́. Èyí tó tẹ̀ dípò rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín yìí, ìdí sì nìyí tí ẹ fi jókòó sí àgbàlá ilé ìkàngbá, tí kì í ṣe orí àga ìjọ.

Ọdún 1953 ni olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdílé kò ní purọ́ pé ó mọ ìṣirò. Imú ló mọ̀ ọ́n lò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé pákó mẹ́ta nínú èyí tó fẹ́ kàn kò tíì gbẹ. Bàbá fọwọ́ kàn wọ́n, ó ní wọ́n ti gbẹ, ó kan àgbá náà, àgbá sì ń jò bí ajere. Láti ọjọ́ náà lọ, bàbá kì í gbé ayùn láì kọ́kọ́ pè é wá sí ìdí pákó. Àgbàlá yìí gan-an ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Onímú, orúkọ náà sì bá a dàgbà títí ó fi di Ìyá Onímú. Ó ka ìwé mẹ́fà, ó fẹ́ tẹ̀síwájú, àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n rán lọ. Títí ó fi kú ló ń sọ pé èyí kò dáa, ìdílé sì ń bá a sọ ọ́ lónìí.

Ní 1965, ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọtí tí bàbá rẹ̀ ń kan àgbá fún. Bọ́bọ̀nì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìyẹn wisikí tí wọ́n fi àgbàdo pọn, tí wọ́n rọ sínú àgbá tuntun tí iná ti jó inú rẹ̀ dúdú, tí wọ́n á sì fi sílẹ̀ kó sùn fún ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a máa da ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgbá pọ̀. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbá mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó bá ara wọn mu ni wọ́n ń ṣà lẹ́ẹ̀kan, atọ́tíwò ló sì ń ṣà wọ́n. Ife ni wọ́n ní kí olóògbé máa fọ̀. Kó tó fọ ife kan, á kọ́kọ́ gbé e símú, á sì to àwọn tí òórùn wọn jọra síbì kan náà. Atọ́tíwò ìgbà náà, bàbá arúgbó kan tí kò ní sùúrù, rí i pé bí òun ṣe pín àgbá gẹ́lẹ́ ni ọmọbìnrin yìí ṣe to ife. Ó bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní imú òun ni. Ọjọ́ kejì ni bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́.

Ní 1969, ó fẹ́ télọ̀ kan tó ń gbé ní ojúlé kẹta sí tiwọn. Lọ́fínńdà ni télọ̀ náà fi kun ara nígbà tó kọ́kọ́ wá bá a sọ̀rọ̀. Olóògbé ní kó lọ wẹ̀ ẹ́ kúrò ná, kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́, òórùn ọṣẹ olóòórùn ló tún ń jáde lára rẹ̀. Olóògbé tún dá a padà. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú òórùn ara rẹ̀, ó gbà fún un. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn. Ọkọ rẹ̀, tó ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1998, fẹ́ràn láti máa sọ pé ọkùnrin tó bá fẹ́ Onímú ò lè parọ́ ibi tó ti ń bọ̀.

Nígbà tí arúgbó náà fẹ̀yìn tì ní 1971, ó fa olóògbé kalẹ̀. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ní ìdí ààrò nìkan ni imú obìnrin ti wúlò. Wọ́n to ife mẹ́fà síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó sọ àgbá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó dárúkọ àgbá márùn-ún, ó ní ife kejì àti ìkarùn-ún, inú àgbá kan náà ni wọ́n ti bu wọ́n, kí wọ́n má fi òun ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga atọ́tíwò.

Ẹ jẹ́ kí ìdílé sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àmupara ni wọ́n ń sanwó fún. Á bu díẹ̀ sínú ife tí ẹnu rẹ̀ há. Á la ẹnu díẹ̀, á rọra gbé e sábẹ́ imú, kò ní fà á símú bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Á kán omi díẹ̀ sí i kí ọtí náà lè tú ohun tó dì mọ́ra sílẹ̀. Á wá fi í yí ahọ́n ká, á sì tu ú sínú garawa. Ó lè tọ́ ogún wò lóòjọ́, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ṣánṣán. Odidi ọdún méjìdínlógójì ló fi ń tu ú dànù, kò gbé ìkán kan mì. Òfin kan ṣoṣo ló ní, ó sì fi kọ́ gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: "Ohun tó wà nínú ife ni kí o sọ."

Olóògbé darapọ̀ mọ́ ìjọ ní 1974. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn obìnrin ìjọ dìbò yàn án ní ìyá ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn àgbà sì ní kó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ọtí sílẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n gbé oyè wọn, kí wọ́n fún òun ní ìgbálẹ̀. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbá ilé ìjọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ní 1991, bó ṣe kọjá níwájú pẹpẹ, ó sọ fún alàgbà pé wáìnì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oúnjẹ Olúwa ti kan. Alàgbà ní ẹ̀mí ọtí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìjọ mu ún, ojú gbogbo wọn sì fún pọ̀ bí ẹni tó la ọsàn kíkan. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1994, ó ní òun gbóòórùn kẹrosíìnì nínú omi ẹ̀rọ àdúgbò. Àwọn tó ń bójú tó omi ní kò sí nǹkan kan. Ó bu omi náà sí ife, ó lọ sí ọ́fíìsì wọn, ó gbé e ka iwájú òṣìṣẹ́ tó sọ pé ó mọ́, ó ní kó mu ún. Àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ náà kò mu ún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n wá hú páìpù tó ti jẹrà láàárín òpópónà, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn àìsàn ọ̀fìnkìn kan ní 2009, olóògbé jí, kò gbóòórùn mọ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ sọ fún. Ọ̀gá náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹlòmíì, kí wọ́n ṣì máa tẹ ìbuwọ́lù rẹ̀ sára ìgò, kí ọ̀dọ́ kan máa bá a tọ́ ọtí wò lábẹ́lẹ̀. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sọ fún wọn pé imú òun ti lọ, ó gbé ife rẹ̀, ó lọ sílé. Ó ní ó dun òun ju ikú ọkọ òun lọ. Àwọn tó mọ bàbá mọ̀ pé bàbá kò ní bá a jà sí i.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣí àgbá tó fọwọ́ sí kẹ́yìn, èyí tí wọ́n dìídì tọ́jú láti ọdún 2009, wọ́n sì fi ìgò kan ránṣẹ́ sí i lórí ibùsùn àìsàn. Àkọ́bí rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Akọ̀wé ìjọ kọ́kọ́ lọ ti fèrèsé kí aládùúgbò má baà rí i, kó tó bu ọtí sí ife. Màmá ní kó bá òun gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e símú, ó ní ṣúgà jíjóná ni, àti fànílà.

"Ìyẹn wà lára ìgò, mo ti kà á," ni màmá wí. "Kí ló wà nínú ife?"

Ó tún gbé e símú, ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Màmá, ilé ìkàngbá ni. Èérún pákó, ibi tí iná ti jó o, àti aṣọ tí ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó gba ife náà, ó fi í yí ahọ́n ká. Àkọ́bí na garawa sí i, màmá sì fọwọ́ tì í. Ó gbé e mì. Ọmọ rẹ̀ bi í pé báwo ló ṣe rí.

"Ó gbóná," ni ó wí. "Lọ ṣí fèrèsé."

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni ó jáde láyé, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: akọ̀wé, tó dá kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ìjọ padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, awakọ̀ akẹ́rù, àti nọ́ọ̀sì. Ó fi ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀ pẹ̀lú, àti àbúrò ọkùnrin kan tó ṣì ń kan àgbá ní àgbàlá yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́ atọ́tíwò. Obìnrin ni.

Ìdílé ò ní òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan láti sin lónìí. Atọ́tíwò ni ìyá wọn. Ohun tó wà nínú ife nìyí.

Sùn re o, Ìyá Onímú. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lórí rẹ. Fèrèsé wà ní ṣíṣí.