Ẹ̀bẹ̀ Kan Ṣoṣo Tí Mo Ní ní Gatbawi

Daegu,
Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi Sora,

Mo kí yín o. Ṣé ara yín le ní Busan? Ṣé ọmọ ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara tiwa náà le, inú mi nìkan ni ò dáa.

Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí bàbá wa ti kú ni mi ò ti lọ sílé ìwé mọ́, tí mò ń fọ abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Màmá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún un pé mo fẹ́ padà. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú tó ní, "Narae, wọ bàtà ẹ, à ń lọ sí Gatbawi." Inú mi dùn débi pé èmi ni mo gbé ìrẹsì ọrẹ wa gun gbogbo àtẹ̀gùn òkè yẹn. Ẹ̀bẹ̀ kan péré ṣáà ni ère Búdà onífìlà òkúta tó wà lórí òkè Gatbawi yẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé Màmá fẹ́ kí n lọ tọrọ tèmi ni.

Àwọn ìyá tọ́mọ wọn fẹ́ ṣèdánwò yunifásítì ti kún orí òkè bí eṣú. Màmá ra àbẹ́là méjì, ó kọ orúkọ Kihun sára méjèèjì. Mo ní, "Tèmi ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwọ ń ṣèdánwò ni? Fi tìẹ ta ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́rẹ, jàre."

Obìnrin kan tó ń wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá, ẹ mà gbọ́n o! Ẹ ò bá kúkú ti mú ajá ilé yín wá, kóun náà wá kúnlẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Mo wólẹ̀, mo dìde, mo tún wólẹ̀, títí orúnkún mi fi wú. Màmá ń wo ẹnu mi. "Ṣé ò ń pe orúkọ ẹ̀?" Mo ní, "Mò ń pè é, mà." Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìwé mi ni mò ń tọrọ.

Nígbà tá a délé, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ara rẹ̀, ó ń fi òróró ra orúnkún mi. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Kihun ò ní gbàgbé ẹ." Ó ń bí mi nínú, ó sì ń dùn mọ́ mi, mo kórìíra méjèèjì.

Kí Búdà máa ṣọ́ ilé yín. Kí ọmọ yín dàgbà, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láé.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin,
Narae.

Àfikún: Kihun ní bóun bá yege, Seoul lòun ń lọ. Màmá ò tíì béèrè ẹni tó máa dúró ti òun ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ló fẹ́ béèrè fún?