Ìbéèrè Tó Gbé Owó Kọ́lẹ́jì Marlon Lọ

                                                  18, Òpópónà Larkmoor,
                                                  Toledo, Ohio.
                                                  Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Earline ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Macon? Ṣé orúnkún Bọ̀dá Roscoe ti ń gba àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń jókòó sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pariwo pé kí ẹ bá àwọn mú ìgò ojú wá láti òkè? Ọmọ-ọmọ yín tó ń fọn fèrè níléèwé ńkọ́? Ẹ sọ fún un pé etí mi ṣì ń hó láti Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ara tèmi le. Bí ẹ bá rí i pé ìkọ̀wé mi ń gbọ̀n, ẹ má rò pé àìsàn ni. Kóòtù òtútù ni mo wọ̀ jókòó sí ìdí tábìlì nínú ilé ara mi. Ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ bí mo bá ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Mo rí èso pecan tí ẹ fi ránṣẹ́ gbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti jẹ tèmi kọjá ìdajì. Ìdì kejì, èyí tí ẹ ní kí n fún Marlon ọmọ Delphine pé kó máa fi panu bó bá ń kàwé, ṣì wà lórí fìríìjì. Ẹ béèrè nínú lẹ́tà yín pé báwo ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Ẹ mọ̀ mí pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ mi, kò sí alẹ́ tí n kì í kọ nǹkan sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọ̀, kò wọ inú ìwé. Bóyá ó ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ ni.

Delphine aládùúgbò mi tí mò ń wí yìí, ẹ kò lè gbàgbé rẹ̀. Òun ló dúró nílé ìdáná wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Lucille ìyàwó mi kú, tí kò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan abọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Indiana tipẹ́, Marlon nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà wọ kọ́lẹ́jì lọ́dún tó kọjá láti kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ìyá rẹ̀ ló ń fi iṣẹ́ àṣekún san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Mo máa ń rí i tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ Sunday, á ju ọwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀, á ní, "Tíṣà, ẹ bá mi gbàdúrà sí Ọlọ́run, mò ń lọ sùn ní tèmi!"

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo máa ń jókòó ní láíbìrì ní ọjọ́ Sátidé nígbà òtútù, tí àwa mélòó kan ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé owó orí wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, Delphine wọlé pẹ̀lú Marlon lẹ́yìn rẹ̀ àti kéèkì bọ́tà ńlá kan nínú àwo. Ó ti ń sọ̀rọ̀ kó tó jókòó.

"Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ìjọba jẹ mí níyà o. Ohun kan ṣoṣo tí mo yọ̀ǹda fún wọn láyé yìí ni bàbá Marlon, wọn ò sì wá gbé e."

Gbogbo ìdí tábìlì rẹ́rìn-ín. Marlon náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Òfin kan wà tí ìyá yìí fojú sí lára. Ẹni tó bá san owó kọ́lẹ́jì ọmọ tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ìjọba máa ń yọ nǹkan fún un nínú owó orí. Pẹ̀lú ohun tí Delphine san, iye tó tọ́ sí i jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ra nǹkan. Sáà tuntun ní kọ́lẹ́jì máa bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Kẹta, ẹni tí kò bá tíì san owó rẹ̀ kí ó tó dìgbà náà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Delphine ti ṣe é lọ́kàn pé owó tí ìjọba bá dá padà ni yóò fi san án. Kò ní ibòmíràn tó ń wò.

Mo kọ orúkọ, mo kọ owó oṣù, mo kọ iye tó san fún kọ́lẹ́jì. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà gbé àwọn ìbéèrè tó jẹ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Wọ́n ti kọ́ wa pé a gbọ́dọ̀ ka ìkọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ṣé ó ń kàwé fún oyè? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ṣe ìdajì iṣẹ́ kíláàsì, ó kéré tán? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e láìronú, bí mo ṣe ti kà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn: ṣé ilé ẹjọ́ ti dá akẹ́kọ̀ọ́ yìí lẹ́bi rí lórí ẹ̀sùn ńlá pé ó ní oògùn olóró lọ́wọ́, tàbí pé ó ń tà á?

Delphine pa àtẹ́wọ́. "Ta ni? Marlon? Ọmọ tí mo ń lé yí ilé ká kó tó lè mu oògùn ikọ́! Ẹ kọ rárá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú."

Ó ku kí n tẹ̀ ẹ́. Marlon bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Màmá, ẹ dákẹ́ ná."

Ó sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lára kéèkì náà ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Indiana, àwọn ọlọ́pàá dá ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjókòó tirẹ̀ ni wọ́n ti bá oògùn náà. Lọ́yà ní kó gbà pé òun jẹ̀bi kó má baà lọ sẹ́wọ̀n, ó sì gbà. Adájọ́ ní kó máa wá fojú hàn lóṣooṣù fún ọdún kan. Ọdún kan yẹn ni Delphine ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun rí iṣẹ́ gidi ní Indiana, kò fẹ́ bọ̀ wálé.

Delphine ti àwo kéèkì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Bàbá ẹ mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀, mà."

"Ó mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé èyí ló dùn ún jù. Ó yíjú sí mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ tẹ rárá."

Mo pe orúkọ rẹ̀.

"Ta ló máa mọ̀? Ṣé Indiana ni ibí ni? Ẹ wò mí dáadáa, Tíṣà. Ǹjẹ́ mo bẹ̀ yín ní nǹkankan rí?"

Kò bẹ̀ mí rí. Obìnrin yìí fọ aṣọ ìbùsùn Lucille títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí n dúpẹ́ tán. Ìka mi wà lórí kọ̀ǹpútà. Òfin ní bí mo bá mọ̀ pé irọ́ ni, n kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ má bi mí ní ohun tí ǹ bá ti ṣe. Mo ti bi ara mi, n kò tíì rí èsì kan tí mo lè gbà gbọ́.

Marlon ló gbà mí sílẹ̀, bí ìyẹn bá ṣeé pè ní ìgbàlà. Ó ní, "Orúkọ yín ló máa wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn, Màmá. Ẹ ò ní fọwọ́ sí irọ́ nítorí mi." Ó na ọwọ́ kọjá iwájú mi, ó sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Iye owó tí ìjọba máa dá padà máa ń hàn ní igun òkè kọ̀ǹpútà náà. Ó já wálẹ̀ lójú wa. Delphine wò ó.

"Ṣé bó ṣe máa ń yá tó nìyẹn?" ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo tu gbogbo òfin náà wò. Ìrànlọ́wọ́ kejì wà fún owó iléèwé, èyí tí kò béèrè nípa ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó kéré. Ẹgbẹ̀rin dọ́là ló fún un, ìyẹn kò sì tó ìdajì owó sáà náà. Nígbà tí mo délé, mo tún ka òfin àkọ́kọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó fi ìbọn ja ilé ìfowópamọ́ lólè, bó bá jáde lẹ́wọ̀n tó sì lọ sí kọ́lẹ́jì, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má fún un. Ẹni tó dáná sun ilé, kò sí. Oògùn olóró nìkan ni wọ́n dárúkọ. Mo wá ìdí rẹ̀ nínú àwọn ìwé mi, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Mo rí ìgbà tí wọ́n ṣe òfin náà. N kò rí ìdí tó tó láti sọ lójú ọmọ yẹn.

Mo lọ bá wọn ní kọ́lẹ́jì. Ọmọbìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń gbowó tẹ́tí sí mi, ó tilẹ̀ káàánú, ó ní kò sí lọ́wọ́ òun. Mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀, òun náà ní kò sí lọ́wọ́ òun. Gbogbo wọn ló níwà. Ó dà bíi pé mo ń ti ilẹ̀kùn tí kò ní ẹni tó dì í mú lẹ́yìn, síbẹ̀ tí kò ṣí. Mo kó ìwọ̀nba tó kù nínú owó mi lẹ́yìn gbèsè ọsibítù Lucille, mo gbé e lọ fún Delphine. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n yọ ọ́ lápò. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká lè máa kí ara wa bí a ṣe ń kí ara wa." Mo padà sílé.

Marlon sọ fún mi pé ìyá òun ń se oúnjẹ, ń bù ú, ń fi àwo bò ó sórí tábìlì, ṣùgbọ́n kì í bá òun sọ̀rọ̀. Bí òun bá kí i, á dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Friday tó kọjá, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ ní kọ́lẹ́jì. Ó ti rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá odò, tó ń gbé páálí sínú ọkọ̀ ńlá.

Ẹ ti sọ ọ́ nínú lẹ́tà tẹ́lẹ̀ pé kí n máa gbàdúrà ju bí mo ṣe ń kàwé lọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. N kò mọ ohun tí ǹ bá béèrè. Ṣé kí ọmọ náà ti purọ́ ni? Ṣé kí n má ti ka ìbéèrè náà sókè ni? Bí ẹ bá mọ èyí tó yẹ nínú méjèèjì, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún un láti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòtù tí mo wọ̀ nínú ilé ló kù. Ní Sátidé, ẹ̀rọ tó ń mú ilé mi gbóná dákẹ́, yìnyín sì tún bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ níta. N kò mọ bí Marlon ṣe gbọ́. Lánàá ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ rà fún un nígbà tó wọ kọ́lẹ́jì. A sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, mo bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ bá wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sáré rárá. Ó yọ irin tín-ínrín kan, ó ní irin náà ló ń sọ fún ẹ̀rọ bóyá iná ti ràn, ó fi aṣọ nù ún títí tó fi ń dán, ó dá a padà. Iná ràn, mo pariwo. Marlon ní, "Ẹ ní sùúrù, Tíṣà, ẹ má tíì bọ́ kóòtù." Kò pẹ́ sí i tí iná náà tún kú.

Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan nísàlẹ̀, pátákó tó kún fún wáyà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ibi tí wọ́n kọ́ wa dé nìyí, sà. Èyí tó kù yìí, sáà tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ."

Ó pa ilẹ̀kùn náà dé, ó sì de gbogbo bóòtù rẹ̀ padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó jẹ́ pé ó ti tún un ṣe tán. Nígbà tí a gòkè, ó ní kí n má tíì pe ẹlòmíràn wá, ẹnì kan wà nínú kíláàsì àwọn tí òun lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dé ojú ọ̀nà kí n tó rántí ìdì pecan yín lórí fìríìjì. Mo gbé e dání jáde, àfi bí mo ṣe rántí pé ẹ ní kó fi máa panu bó bá ń kàwé. Mo gbé e padà wọlé.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Roscoe, kí wọ́n rọra pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ẹ kí ọmọ afọnfèrè wa, ẹ kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ṣì rántí mi. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka ibí yìí tán, ẹ máa gbé fóònù láti bá mi jà pé kí n tètè pe ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe kí òtútù má pa mí. Mo ní nọ́mbà irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára ògiri níwájú mi níbí. N kò tíì pè é.

Èmi àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, tó wọ kóòtù nínú ilé,

Clifton