Ẹsẹ̀ Tó Ń Gbéra Kí Orí Tó Jí

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kejì, 1987

Mo ti parí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì Bàbá Sàrúmì, ní àdúgbò Banikanni, ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ nǹkan dúdú kékeré kan, bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó ní ogójì ẹsẹ̀ irin — mo wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ gbé e wá láti Kíẹ́fù, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀kùn ni mo sọ ọ́. Ìṣẹ́jú méjìlá ni ẹ̀rọ yóò fi po ìyẹ̀fun, yóò sì dúró fúnra rẹ̀. Bàbá Sàrúmì ní irú kámáráàdì bíi tèmi ni orílẹ̀-èdè ń wá. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọjọ́rú, 4

Iná lọ, iná dé. Ẹ̀rọ yí díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, ó sì dúró. Ìyẹ̀fun bò mí lójú. Mo sọ fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé ṣe ló ń na ara. Ẹ̀njíníà gidi.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

N kò fẹ́ kọ ọ́. Iná lọ láàárọ̀. Àràmọ́tù, àgbà nínú àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀, ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n irin, ó ń ha ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Iná dé. Apá irin yí. Ìka méjì ló ṣẹ́.

Bàbá Sàrúmì bi mí pé kí ló fà á. Mo ní bóyá Àràmọ́tù tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ. "Bóyá" — ẹnu mi dùn. Obìnrin náà ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá.

Ọjọ́ Àìkú, 8

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ pọ̀. Mo ti gbé Ọ̀kùn wá sílé ní Titirou, mo so gílóòbù kékeré mọ́ ẹsẹ̀ tó ń darí mọ́tò. Mo yọ iná, mo dá a padà. Gílóòbù tàn — mo ka ení, mo ka èjì — ó kú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló tàn.

Ọjọ́ Ajé, 9

Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa ní Kíẹ́fù. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí Ọ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣẹ tí a kọ fún un, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ a gbéra sókè, ìyẹn ni pé iná a wà lára wọn, a wà bẹ́ẹ̀ títí àṣẹ yóò fi ní kó sọ̀kalẹ̀. Èmi sì ti ṣe é pé bí ẹsẹ̀ bá ti gbéra, kí mọ́tò yí.

Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn láyé ọjọ́sí. Mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Kò ṣe pàtàkì." Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára gan-an níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo ti yí i padà. Ní báyìí, àfi kí ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí mọ́tò tó yí. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ti dá Ọ̀kùn padà sára ẹ̀rọ.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Sàrúmì. Ó ní, "Ọlágbénró, kì í ṣe èmi ló yẹ kó o kọ́kọ́ wá bá."

Mo lọ bá Àràmọ́tù. Wọ́n ti fi igi di ọwọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti àṣẹ. Ó dá mi dúró.

Ó bi mí pé, "Ṣé o rí mi níbi bọ́tìnì?"

Mo ní rárá.

"O kò rí mi, o sì sọ ọ́."

Gbogbo èdè Rọ́ṣíà tí mo gbọ́, kò sí ọ̀kan tó wúlò níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní Bàbá Sàrúmì ti ránṣẹ́ pe òun padà, òun yóò dé ní Sátidé, kí n wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ó dé. Kò kí mi. Ó dúró ti ibi tí wọ́n ti ń tan iná, ó fi ọwọ́ tí kò ṣèṣe dì í mú. Ó ní, "Ẹ̀njíníà, ki ọwọ́ rẹ bọ inú ọpọ́n."

Gbogbo wọn ń wò. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó pa iná, ó tàn án. Apá irin kò mì. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìkan ni mo lajú.