Ẹni Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Bá Tan

Mọ́ńdè, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Wọ́n ti fún mi ní ẹni tí n ó máa bójú tó l'Ómù-Àrán: Ìyá Uwais, opó tó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Bí mo bá ṣe é yege, mo gba oyè másítà wẹ́fíà mi. Ọ̀gá Òfin — Dókítà Awóyẹmí, olùkọ́ wa — ní òfin kan ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹni tí o bá tan, o ò gbọdọ̀ bójú tó o. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ará Ẹsìẹ́, ta ni mo bá tan l'Ómù-Àrán!

Àlàmísì, 8
Èmi ló yẹ kí n béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá Uwais, tí mo ń pè ní Màmá, ló béèrè. Ta ló bí mi? Ta ló bí ìyá mi? Mo dárúkọ Àwẹ̀ní, wọ́n figbe bọnu. Ilé yìí kan náà ni wọ́n ti bí Àwẹ̀ní! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Mo jẹ iyán. Òfin wà fún iyán náà: a kì í jẹun nílé ẹni tí a ń bójú tó.

Jímọ̀, 9
Mo dáràn. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mọ́ńdè, 12
Uwais pe ìyá rẹ̀ láti Èkó. Sátidé ló ń bọ̀ wá mú wọn lọ — fúláàtì, òkè kẹta, géètì títì. Màmá ní, ta ni àwọn ó máa kí láàárọ̀ níbẹ̀, ògiri? Wọn ò sunkún. Èmi ni mo sunkún, lórí ọ̀kadà.

Sátidé, 17
Ìpàdé ẹbí. Mo ní, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà… Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, olórí ẹbí, dá mi dúró: àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Uwais ń mi orí. Màmá ń wò mí. Másítà mi náà ń wò mí.
Mo kúnlẹ̀. Mo ní ọmọ-ọmọ Àwẹ̀ní ni mí.
Bàbá ní ṣé mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n máa wí.
Mo wí. Màmá ò lọ mọ́. Uwais ló lọ, pẹ̀lú iṣu.

Mọ́ńdè, 19
Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Òfin. Ó ní iṣẹ́ náà dára gan-an. Ó fagi lé e. Kí n lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun l'Ájàṣẹ́-Ìpo. Bí mo bá tún bá ẹnikẹ́ni tan níbẹ̀, kí n gbàgbé másítà.

Àlàmísì, 22
Àjàṣẹ́. Bàbá Bùkárì, àgbàlagbà tó ń dá gbé. N kò tíì jókòó tí wọ́n ti béèrè: ọmọ ta ni mí? Mo dárúkọ ìyá mi. Ta ló bí òun? Mo ní mi ò mọ̀.
Àwẹ̀ní, ẹ foríjì mí. Ó dùn mí dé egungun.
Àánú mi ṣe bàbá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ọmọ kì í wà láìní ẹni. Láti òní lọ, àwọn ni bàbá mi.