Ọmọ A-Kì-í-Jẹ-Àrọ̀ Tí Ó Fi Ìdin Bọ́ Àrọ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alàájà Warsinah Kasantohir (1951–2023)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tí kì í kú, Ẹni tí ó dá ẹja sínú omi, tí ó dá eṣinṣin sójú afẹ́fẹ́, tí kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó dá wọn. Àwa ọmọ olóògbé kí gbogbo yín káàbọ̀ síbi àdúrà ogójì ọjọ́ màmá wa. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wọn, a dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bú wọn nígbà kan rí, a rí yín. Ẹ jókòó, oúnjẹ yóò kárí.

A bí Alàájà Warsinah ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọjà Wage nínú ọjọ́ ọjà márùn-ún tiwa, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1951, ní abúlé Karangsumber ní agbègbè Lamongan. Kasantohir, àgbẹ̀ onírẹsì, ni baba wọn. Rasemi tí ń hun ẹní ni ìyá wọn. Ìlà ìdílé méjèèjì pàdé lára baba ńlá kan náà, ẹni tí ọ̀tá lé títí tí ó fi bẹ́ sínú adágún omi. Nígbà tí ó rì tán, àwọn àrọ̀ gun orí rẹ̀, wọ́n bo ojú omi náà ṣìkìtì. Àwọn tí ń lé e dé etí omi, wọ́n rí ẹja tí ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Bí ènìyàn bá wà níbí, ṣé ẹja á máa ṣeré báyìí?" Wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí baba yìí jáde, ó búra pé òun àti ìran òun, tí ó ti di gbogbo abúlé wa lónìí, kò ní fi eyín kan àrọ̀ láéláé. Ìdí nìyí tí a fi ń kì wọ́n pé:

Warsinah, ọmọ a-kì-í-jẹ-àrọ̀,
Ọmọ ẹja bo baba, ọ̀tá kọjá.
Ọmọ omi dákẹ́, omi gba ẹ̀mí là.
Ẹni ẹja ṣe lóore, tí kò fi ẹja se ọbẹ̀.

A kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n a ń sìn ín, a sì ń tà á. Àwọn ọmọ Karangsumber ni wọ́n ń dín in lẹ́bàá títì ní ìlú ńlá Surabaya, tí wọ́n ń fi ìrẹsì àti ata gígún gbé e fún oníbàárà. Ọwọ́ tí ń yí i nínú epo kò gbé e sẹ́nu rí. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì wà.

Ní ọdún 1958, wọ́n fi màmá sí ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n ka ìwé dé kíláàsì kẹrin, baba wọn ní owó ti tán. Màmá sọ fún wa títí ọjọ́ ogbó wọn pé owó kò tán, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni wọ́n fi rán lọ síwájú. Wọ́n kọjá sí ilé kéwú, wọ́n sì ka Kùránì parí ṣáájú ẹ̀gbọ́n náà. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di témpè, oúnjẹ sóyà, lọ́jà ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń tẹ́ sórí eékún, tí wọ́n ń kà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn tí ó ka ìwé jáde kò gbọ́.

Ní ọdún 1971, wọ́n fẹ́ Sumarlan, ọmọ abúlé tí ó wà ní òdìkejì afárá. Àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ àrọ̀. Baba wa máa ń rékọjá afárá lọ jẹ tirẹ̀, á sì fi ọṣẹ fọ ẹnu kí ó tó wọlé. Ogún ọdún ó lé méje ni wọ́n fi gbé pọ̀ láìsí ìjà lórí èyí. Ọdún 1998 ni ó dágbére fáyé, ó fi adágún ẹja méjì sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wá, ó ní kí màmá tà wọ́n, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Màmá ní, "Ẹja kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ló ń bọ́ òun tàbí obìnrin. Ebi ló mọ̀." Nígbà tí ọdún fi máa yípo, adágún méjì ti di mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja níbí kò nílò àlàyé nípa ọdún 2012. Oúnjẹ ẹja inú àpò ń gbówó lórí lóṣooṣù, nítorí ẹja wẹ́wẹ́ inú òkun tí wọ́n ń lọ̀ sínú rẹ̀ ti ń wọ́n. Àwọn kan pa adágún tì. Màmá máa ń dúró létí omi, wọ́n á ní, "Ẹja kékeré mélòó la ó pa kí ẹja ńlá kan tó yó? Òkun kì í ṣe ìkòkò ìyá ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò wa tí ń ṣe wàrà sóyà ni Ọlọ́run ti dá wọn lóhùn. Òkìtì èérí sóyà kan wà níbẹ̀, ìdin funfun sì ń rìn nínú rẹ̀ wọ́yawọ̀ya. Eṣinṣin dúdú gígùn kan ni ìyá wọn, kì í ba lé oúnjẹ, kì í sì í géni jẹ. Màmá bu ìdin náà sínú agolo, wọ́n dà á sómi. Omi náà hó bí ìkòkò orí iná. Wọ́n padà wálé, wọ́n kan àpótí pákó, wọ́n kó èérí sóyà àti èso jíjẹrà ọjà sínú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìdin.

A kò ní fi àṣìṣe wọn pamọ́, nítorí àwọn gan-an kò fi pamọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìdin nìkan ṣoṣo ni wọ́n fi bọ́ ẹja. Nígbà tí a la àwọn ẹja náà, ọ̀rá ti bo gbogbo ìfun wọn. Wọ́n sanra níkùn, wọn kò sì gùn. Èyí tí ó ti dúdú lára ìdin náà, tí awọ rẹ̀ ti le, gba inú ẹja kọjá láìdà. Màmá kò sunkún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo wọ̀n ọ́n: ìdin funfun agolo kan, èérí sóyà agolo kan, èérí ìrẹsì méjì, àti ẹ̀kúnwọ́ ẹja gbígbẹ kí ó má tẹ́ lẹ́nu. Wọ́n yí i padà, wọ́n tún un yí, oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Òwe tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni pé: "Kó o kó tó dúdú, pò ó kó tó pọ̀ jù." A ti rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdin nìkan.

Ìgbà tí ẹja wọn dára tán ni ìjà dé. Darmuji, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja, pe ìpàdé ní ọdún 2015. Ó ní ọkọ̀ ẹgbẹ́ kò ní gbé ẹja Yu Nah mọ́. Yu Nah, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Nah, ni wọ́n ń pe màmá wa nígbà náà. Ó ní ìdin ni wọ́n ń jẹ, ẹran wọn á máa rùn, wọn yóò ba ti gbogbo abúlé jẹ́ ní Surabaya. Bí ọkọ̀ kò bá gbé e, ẹja ọdún kan yóò kú sínú adágún ni. Gbogbo ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ bi àáfà abúlé wa, Kiai Masyhudi. Ó ní ìdin kò tọ́ kí mùsùlùmí jẹ, ṣùgbọ́n ẹja kì í ṣe mùsùlùmí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Darmuji kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àáfà, ọ̀rọ̀ adùn ni mò ń sọ. Ẹja Yu Nah kò dùn!"

Ìgbà náà ni màmá dìde. Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé. Wọ́n ní: "Ó dáa. Ta ló tọ́ ọ wò? Darmuji, ìwọ ni? Yu Tarmi, ẹ̀yin ni? Gbogbo yín tí ẹ ń ṣèdájọ́ adùn àrọ̀ yìí, kí ẹni tí àrọ̀ ti kan ahọ́n rẹ̀ rí na ọwọ́ sókè!" Gbogbo abúlé tí kò tọ́ àrọ̀ wò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń bá obìnrin jà nítorí adùn àrọ̀.

Kiai Masyhudi ló là á. Ó ní kí wọ́n ké sí Cak Rofii, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Rofii, awakọ̀ ará Madura tí ń kó ẹja wa lọ sí ìlú. Òun ń jẹ gbogbo ohun tí Ọlọ́run kò kà léèwọ̀. Nítorí pé ìkòkò kankan ní Karangsumber kò gbọdọ̀ se àrọ̀, òdìkejì afárá ni wọ́n gbé iná sí, pẹ̀lú agbada Rofii fúnra rẹ̀. Ẹja kan láti inú adágún màmá, ọ̀kan láti inú adágún Darmuji, epo kan náà, iyọ̀ kan náà. Àáfà fi okùn tín-ínrín so ìrù ẹja màmá, ó fi ata bò ó, kò sì sọ fún awakọ̀. Odindi abúlé dúró ní apá ibí afárá, wọ́n ń wo ọkùnrin kan tí ń jẹun.

Rofii wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ojú yín pọ̀ ju egungun ẹja lọ! Ẹ jẹ́ kí n jẹun!" Ó jẹ ti àkọ́kọ́ títí ó fi ku egungun, ó lá ìka. Ó bu èkejì jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sílẹ̀, ó mu tíì. Ó ní, "Èyí ń rùn bí abẹ́ àgò adìẹ."

Kò sí ẹni tí kò tíì rí ìyẹ́ adìẹ tí ń léfòó nínú adágún Darmuji. Òkú adìẹ tí ó ń kó lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́sìn adìẹ ni ó fi ń bọ́ ẹja. Ó figbe ta pé, "Ó ti yó ni! Ẹni tó ti yó kò mọ adùn mọ́!" Màmá na ìka sí afárá. Wọ́n ní, "Jẹ ẹ́ fúnra rẹ nígbà náà, àbúrò mi. Afárá náà rèé." Àáfà fi ìka tú egungun àkọ́kọ́. Okùn náà wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ gbé ẹja màmá. Kí ọdún tó pé, ilé méje ti kan àpótí ìdin. Ẹnì kẹjọ ni Darmuji. Ọ̀sán gangan ni ó wá, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Màmá fún un ní ẹyin eṣinṣin, wọ́n sì fún un ní òwe wọn. Wọn kò sọ pé àwọn ti dárí jì í. Wọ́n ní, "Bọ́ wọn lásìkò."

Ní ọdún 2017, Ọlọ́run gbé wọn dé Mẹ́kà. Wọ́n jẹ́ ìyá àdínì fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́sálásí wa, wọ́n sì kọ́ obìnrin mọ́kànlélógún ní iṣẹ́ ìdin láìgba nǹkan kan.

Àìsàn dé ní ọdún 2020. Ẹsẹ̀ wọn wú, ara wọn ń rẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan ní èròjà amúaradàgbà ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ máa jẹ ẹja, Ìyá. Àrọ̀ dára, ó sì wà létí ilé yín." Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Dókítà pe àwa ọmọ sí kọ̀rọ̀, ó ní bí wọn kò bá jẹun gidi, wọn kò lè ju oṣù mẹ́fà lọ. A kúnlẹ̀, a bẹ̀ wọ́n. Àáfà gan-an wá, ó ní àìsàn a máa tú ìbúra, Ọlọ́run yóò dárí jì wọ́n. Màmá ní, "Mo mọ̀ pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Àrọ̀ ńkọ́?"

Wọ́n ní kí a ra adìẹ mẹ́wàá. Wọ́n fi ìdin bọ́ adìẹ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sì ń jẹ ẹyin mẹ́rin lóòjọ́ pẹ̀lú témpè. Oṣù mẹ́fà kọjá. Ọdún kan kọjá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà náà láìsí pé ó pè wọ́n. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Dókítà, mo tún dé o." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ.

Ní òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, màmá bi wá bóyá a ti bọ́ ẹja. A ní a ti bọ́ wọn. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì sùn. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n pé ọdún méjìléláàádọ́rin.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Lilik Hidayah, Suhadak àti Khotimah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje àti àtọmọdọ́mọ kan, Wulan, tí ó ń rá lọ sídìí àpótí ìdin láìbẹ̀rù. Wọ́n tún fi adágún mẹ́fà sílẹ̀, àti adìẹ tí ń yé síbẹ̀.

A kò lè fi kálámù sílẹ̀ láìsọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ń gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Ìrọ̀lẹ́ ni, àkókò oúnjẹ ẹja gan-an, ọ̀nà wa sì gba etí adágún kọjá. Nínú ẹkún, kò sí ọmọ kan tí ó rántí. Darmuji ló jáde láàrin èrò, bàbá arúgbó tòun ti ọ̀pá. Ó gbé garawa màmá, ó ju oúnjẹ sómi. Àwọn tí ó gbé òkú dúró. Àrọ̀ dìde láti ìsàlẹ̀, orí lé orí, ẹ̀yìn lé ẹ̀yìn, wọ́n bo adágún náà ṣìkìtì títí a kò fi rí omi mọ́.

A kò jẹ ẹ́. A kò ní jẹ ẹ́. A kò sì ní yéé bọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ sí èyí, afárá náà rèé.

Warsinah, ọmọ ẹja bo baba, ẹja ti bo ìyá náà. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín, kí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí ó má jẹ́ kí ilẹ̀ náà ni yín lára. Ọ̀tá ti kọjá, màmá. Ẹ sùn re o.