Ìdí Tí Mi Ò Fi Pe Ọmọ Yín Lọ́jọ́ Ìjì

Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
Ilé-iṣẹ́ Ojú-Ọjọ́,
Òpópónà Èbúté.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìríra. Ṣé ara yín le? Orúnkún ọ̀tún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn, àbí ẹ ṣì ń bá a fa wàhálà? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ́ kí dókítà yọ eyín tó ń dà wọ́n láàmú, àbí ẹ̀rù ṣì ń ba àgbàlagbà? Ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Àlàáfíà ni èmi náà wà, àfi ọrùn tó ń dùn mí díẹ̀, torí ojú kọ̀ǹpútà ni mo ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, nídìí iṣẹ́ tí ẹ̀yin máa ń pè ní iṣẹ́ awòsánmà-gbowó.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí mo ti ń pè yín tí ẹ ò gbé fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ gbé e, ẹ ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ sì pa á mọ́ mi létí. Mo mọ ẹni tó sọ fún yín. Aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mi, ẹlẹgbẹ́ yín nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ni, èmi náà ni mo sì fẹnu ara mi rò fún un, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́, láti kékeré lẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún yín pé láti aago méjì ọ̀sán ni mo ti rí ìjì yẹn, pé mo mọ̀ pé ọmọ yín wà lórí omi, mi ò sì pè é. Òótọ́ ni. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni ín. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tèmi.

Ẹ mọ̀ pé a pín òkun tí à ń bójú tó sí ẹkùn mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la sì ń kéde bó ṣe máa rí lórí rédíò: aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo kọ ti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Mo kọ ọ́ pé gbogbo ẹkùn rọ̀, pé ìgbì kò ní ga ju mítà kan lọ. Ìkéde tèmi yìí ni ọkọ̀ tí ọmọ yín ti ń dáná tẹ̀lé tó fi ṣíkọ̀ ní aago mẹ́wàá, ẹkùn karùn-ún ló sì dorí kọ. Ọmọ yín, Alásè wa, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun ń lọ o, kí n bá òun ṣọ́ òkun. Mo rẹ́rìn-ín, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Aago méjì ni àwòrán tuntun dé láti ojú sátẹ́láìtì. Ní ẹkùn karùn-ún, níbi tí omi ti gbóná jù, ìkùukùu ti ń yípo bí omi tó ń wọ ihò ìdí báàfù. Ohun èlò tó léfòó níbẹ̀ sì ń sọ fún wa pé ìwúwo afẹ́fẹ́ ń já wálẹ̀. Ó lè di ìjì. Ó sì lè tú ká kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti rí irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí n tó mọ̀, fóònù ti wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ọmọ yín sì ti wà lójú ẹ̀. Ibi tó wà kò tíì jìnnà, ìpè ṣì lè dé ibẹ̀.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì wa tí wọn ò kọ sára ògiri, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èèyàn bá wọṣẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún un: ohun tí o ò bá tíì sọ fún gbogbo ẹni tó wà lórí omi, má sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ó nídìí. Ọdún kejì tí mo débẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan ní ọ́fíìsì wa pe àna ẹ̀ tó jẹ́ apẹja, ó ní òun ń fura sí ìjì. Àna sọ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ sọ fún ará àdúgbò, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni apẹja kankan ò jáde, atẹ́gùn lásán ò sì fẹ́. Nígbà tí a wá kéde ìjì gidi lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ni wọ́n fi wá rín, ọkọ̀ méjì ò sì padà wálé. Èmi ni mo gbé fóònù nígbà tí ìyàwó ọ̀kan nínú wọn pè. Mi ò tíì gbàgbé ohùn ẹ̀.

Mo gbé fóònù mi sílẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá wa, obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Ìgbì, tí kì í sáré sọ̀rọ̀, tí ife omi gbígbóná kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní ká má dúró de aago mẹ́fà, ká kéde lójú ẹsẹ̀. Ó wo àwòrán, ó wò mí. Ó ní, "Ká ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ò sí lórí omi, ṣé o máa wá bá mi báyìí?" Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ èmi gan-an ò mọ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Mo wá pe ọ̀dọ́bìnrin tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹni tó dé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò mọ̀ pé mo lẹ́nì kan lórí òkun. Mo tẹ́ àwòrán márùn-ún síwájú ẹ̀, mo ní kó sọ ohun tó rí, mo sì panu mọ́. Ọmọ yìí fara balẹ̀ o. Ó fi rúlà wọn ibí, ó fi wọn ọ̀hún, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ogójì ìṣẹ́jú. Mo jókòó lórí ọwọ́ ara mi kí n má baà já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Inú bí mi sí i, inú sì bí mi sí ara mi. Nígbà tó parí, ó ní tó bá jẹ́ òun, òun ò ní dúró de ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ìgbì buwọ́ lù ú. Ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi ni mo kà á lórí rédíò: ẹkùn kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà, ìjì ń bọ̀, ìgbì lè ga tó mítà mẹ́fà, kí gbogbo ọkọ̀ wá ibi forí pamọ́ sí.

Aago márùn-ún nìjì náà dé. Ẹ mọ̀ pé orí yọ wọ́n, ẹ̀yìn erékùṣù ni ọkọ̀ wọn sá sí. Ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni mò ń gbé kiri látìgbà náà. Ká ní ọkọ̀ yẹn dojú dé nítorí ogójì ìṣẹ́jú, n kì bá lè wojú yín mọ́ láyé, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Aránṣọ ò lè sọ ìyẹn fún yín, torí mi ò sọ ọ́ fún un.

Lánàá ni Alásè gúnlẹ̀, ilé mi ló sì kọ́kọ́ yà. Ó rù díẹ̀, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò rù. Kó tó jókòó ni mo ti jẹ́wọ́ fún un pé mo di nọ́ńbà ẹ̀ mú, mi ò sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín mi. Ó ní, "Àǹtí, alásè ni mí. Tí mo bá mú ṣíbí lọ́wọ́ wọ yàrá ọ̀gá ọkọ̀, tí mo ní àǹtí mi ní ká yí padà, ṣé ẹ rò pé ó máa yí i? Ìdí ààrò ló máa ní kí n padà sí. Rédíò ló gbọ́ tó fi yí i." Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Èèyàn mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀. Ká ní ẹ pè mí ni, èmi nìkan ni ǹ bá mọ̀, ǹ bá sì máa ro ọbẹ̀ fún wọn."

Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sí yín, nítorí òun ò ní lè sọ ọ́ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé àti àwọn ará ibi ìránṣọ yín. Màá pè yín lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Tí ẹ ò bá gbé e, màá tún pè lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo,
Ẹlẹ́nu-kì-í-dákẹ́.