Ẹran Ojú Yín Ti Dé Ojú Mi

Bàbá mi, ẹni tí mo jọ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó rẹ̀ mí o. Inú tipa tí mo ń wa ni mo jókòó sí, mò ń dúró kí wọ́n kó yanrìn sẹ́yìn rẹ̀ ní Ajah níbí. Oòrùn mú, eruku ń fẹ́, ojú ọ̀tún mi sì ń ta mí bí ẹni pé ata ló kó sí i.

Ẹran yẹn ni. Èyí tó ti igun ojú yín rákò bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ti wà lójú tèmi náà. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì lè pa èèyàn. Oòrùn, atẹ́gùn àti yanrìn ló ń fà á. Ẹ̀yin kó o lójú omi nídìí àwọ̀n, èmi kó o nídìí tipa. Ṣùgbọ́n tèmi ti wọ dúdú ojú, bàìbàì ni mo ń rí títì. Bí mi ò bá jẹ́ kí wọ́n gé e, ọ̀gá mi á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí ni màá wá fi bọ́ àwọn ọmọ?

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi omi tútù bọ́jú láàárọ̀, tí ẹ ó fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, tí ẹ ó wá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó wo èèyàn? Èmi náà ti ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo yà sí etí omi ní Ikate. Ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń pẹja nígbà ayé yín rí mi, ó fi orúkọ yín pè mí, ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Ojú yìí ló fi mọ̀ mí. Mi ò ní fọ́tò yín kankan, torí ẹran yìí náà ni ẹ ò fi jẹ́ kí wọ́n yà yín. Inú dígí ọkọ̀ nìkan ni mo ti ń rí yín.

Ọ̀la ni wọ́n máa gé e. Ṣé ẹ ò ní bínú? Ta ló máa wà nínú dígí lẹ́yìn náà? Mo fẹ́ ríran, Bàbá, àárò yín sì ń sọ mí gidigidi.

Dókítà ti kìlọ̀ pé ó lè tún hù, pé kí n máa lo awò dúdú. Màá lò ó. Ṣùgbọ́n tó bá fi hù, mi ò ní bú u. Màá dọ̀bálẹ̀ níwájú dígí, màá kí yín káàbọ̀.

Èmi ọmọ yín, tó rẹ̀, tó ṣì fẹ́ràn yín.